Igi Lípà Tí A Gbé Lọ sí Zadole

Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kọkànlá, 1822. Ọjọ́ Màtíìnì Mímọ́.

Òjò winniwinni láàárọ̀, ó dá kí ó tó di ọ̀sán. A jẹ pẹ́pẹ́yẹ sísun gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe lọ́jọ́ òní. Lẹ́yìn oúnjẹ, Tekla ẹ̀gbọ́n mi mú egungun àyà ẹyẹ náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ní ó funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé òtútù ọdún yìí yóò le koko. Inú mi dùn débi pé mo ní kí wọ́n tún bu kábéèjì kíkan fún mi. Òtútù tó le koko gan-an ni mo ń wá.

Mo wá sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ gbé igi lípà kékeré yẹn kúrò nínú ọgbà."

"Èwo ló kékeré? Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òrùlé ilé yìí?"

"Òun náà."

"Èyí tó wà lójú gbàgede, tí o fi ìwé mẹ́ta yìn?"

"Ìwé kan ṣoṣo ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́."

"Ibo lo ń gbé e lọ?"

"Zadole."

Ó gbé egungun náà sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, èmi jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rin, síbẹ̀ ó ṣì máa ń wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ìwé àdúrà rẹ̀ ni. Ó ní, "Hieronim, ṣé ara rẹ le?"

Mo ní ara mi kò le tó báyìí láti ọgbọ̀n ọdún wá.

Ọjọ́ kẹrìnlá.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo kọ sínú ìwé mi lórí ọgbà, àmọ́ n kò kọ èyí síbẹ̀. Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, kí ọwọ́ mi lè mọ̀ pé òun ló ṣe é.

Ní 1789, ìsàlẹ̀ ilé yìí ni Zadole wà, ilé mẹ́rìnlá lẹ́bàá odò kékeré, igi lípà àgbà kan láàárín wọn, tí òdòdó rẹ̀ ń ta sánsán, tí wọ́n sì ń jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé nígbà náà, orí mi sì gbóná fún ọgbà tuntun: ọgbà tí kò ní ìlà gbọọrọ, tí kò ní igi tí a gé bí ìgò, tí omi ti ń yà síbi tó wù ú, tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò rò pé Ọlọ́run nìkan ló fọwọ́ kàn án. Mo ṣì gbà pé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ló dára jù. Ṣùgbọ́n láti fèrèsé yàrá ìkọ̀wé mi, òrùlé koríko àti èéfín àti pẹ́pẹ́yẹ ni mo ń rí. Mo kọ ọ́ sínú orí kẹsàn-án pé èéfín abúlé dà bí àbàwọ́n ọbẹ̀ lára aṣọ tábìlì. Gbólóhùn náà dùn mọ́ mi. Nínú Oṣù Kọkànlá, mo pàṣẹ kí wọ́n kó gbogbo wọn lọ sẹ́yìn òkè.

Wọ́n tú àwọn ilé igi náà ní pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó wọn sórí kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ń lọ. Opó kan kọ̀, Marcjanna lorúkọ rẹ̀. Ó jókòó tì sídìí ààrò. Mo ní kí wọ́n ṣí òrùlé kúrò lórí rẹ̀. Òjò dídì ń bọ́ sí i lórí níbi tó jókòó sí. Agata, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló fà á lọ́wọ́ jáde nígbẹ̀yìn. N kò sí níbẹ̀. Fèrèsé ni mo ti ń wò wọ́n, mo sì ń mu kọfí.

Lẹ́yìn náà mo sé odò. Omi bo ibi tí abúlé wà, ó di adágún tí àwọn ènìyàn ń ti Warsaw wá wò. Mo fi igi lípà àgbà náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ gíga díẹ̀ tí omi kò dé, nítorí pé ó dára lójú. Kí ìran lè pé, mo kọ́ ahéré àgbẹ̀ kan sétí omi, tí àgbẹ̀ kankan kò gbé inú rẹ̀ rí.

Ìjì Oṣù Kẹwàá ti wó igi àgbà náà. Ọmọ rẹ̀ ló kù, èyí tó hù láti gbòǹgbò rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n lọ. Ní Zadole tuntun kò sí igi kankan: iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, atẹ́gùn ń gbá a, ewúrẹ́ sì ń jẹ ohun kékeré tí wọ́n bá gbìn. Igi tó bá máa dúró níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dàgbà kó tó débẹ̀, ìgbà òtútù nìkan la sì lè gbé irú rẹ̀, nígbà tí erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ bá dì bí òkúta. Bí ó bá kú, mo ti gba igi lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. N kò rò pé mo tún ní ìgbà òtútù mìíràn tí mo lè fi dán an wò.

Ọjọ́ kọkàndínlógún.

Èmi àti Walenty gun òkè lọ sí Zadole pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Ó ti tó ogójì ọdún tí Walenty ti ń tọ́jú ọgbà mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi tó bá fẹ́ ráhùn.

A kò tíì na okùn náà lẹ́ẹ̀mejì tí mo rí obìnrin kan tó ń so ẹsẹ̀ adìẹ pọ̀. Òmíràn ń kó ìkòkò síta. Stefan, ẹni tó ń kan àgbá igi, ti ń yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò yé mi. Walenty ló sọ ọ́ sí mi létí: "Ọ̀gá, okùn yẹn ni. Wọ́n rò pé a tún fẹ́ kó wọn ni."

Mo ju okùn náà sílẹ̀ bí ẹni pé ejò ni.

Agata jáde sí wa, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Ibo ló kàn lọ́tẹ̀ yìí, Ọlọ́lá?"

"Ẹnikẹ́ni ò lọ síbì kankan. Igi ló ń bọ̀."

"Igi."

"Igi lípà. Ọmọ ti àtijọ́. Bí òtútù bá mú un dáadáa, a ó gbé e wá fún yín."

Ó yíjú sẹ́yìn. "Stefan, dá ilẹ̀kùn rẹ padà. Kì í ṣe àwa ló ń lọ, igi ló ń bọ̀."

"Igi wo?"

"Èmi ni mo máa mọ̀? Dá ilẹ̀kùn padà, òtútù ń wọlé."

Àwọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì sunkún díẹ̀. Walenty ń wo ojú ọ̀run, ó ní òjò lè rọ̀.

Ọjọ́ kẹtàlélógún.

Wọ́n ti gbẹ́ kòtò yí igi náà ká. Ìdí rẹ̀ dà bí búrẹ́dì ràì ńlá kan, ó fẹ̀ tó tábìlì oúnjẹ wa. Walenty fi ọ̀dà pupa kun ìhà tó kọjú sí oòrùn, kí ó lè kọjú síbẹ̀ níbi tó ń lọ. Ó ní igi tí a bá yí lójú padà a máa bínú fún ọdún márùn-ún. Mo ní mo mọ àwọn ènìyàn tí ìbínú wọn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun náà mọ̀ wọ́n.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n.

A ti wa ihò náà ní Zadole, kí ilẹ̀ tó dì. Èjìká òkè ni mo yàn án sí. Ibẹ̀ dára gan-an. Mo dúró wò ó fún wákàtí kan, Walenty fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kejìlá.

Òtútù ti dé. Omi inú báàfù mi ní yìnyín lójú. Walenty ń da omi sí ìdí igi ní ìrọ̀lẹ́, ó ti dì gbagidi. Ó fi igi gbá a kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ń dún bí agogo tí a fi aṣọ wé. N kò gbọ́ orin tó dùn tó o lọ́dún yìí.

Ọ́ọ̀tì, ọkà ẹran, ti wọ́n. Àwọn màlúù tí yóò fa igi náà yóò ṣì jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ Ìsinmi.

Lẹ́yìn Máàsì, Agata dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọlọ́lá, ihò yín yẹn. Ta ló máa jókòó síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Léjìká òkè? Níbi tí atẹ́gùn ti ń gba ìborùn lórí ènìyàn? Àwa kì í lọ síbẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń lọ síbẹ̀, òun náà kì í pẹ́."

"Ibo lẹ bá fẹ́?"

"Ìdí kànga. Ibẹ̀ la ti ń dúró de omi. Ibẹ̀ la ti ń gbé òkú kalẹ̀ sinmi ká tó gbé e wá síbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ìyàwó tuntun dúró ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ihò náà ti wà níbẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi wá." Ó so ìborùn rẹ̀ le. "A rò pé nítorí fèrèsé yín ni."

Mo délé, mo gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá ìkọ̀wé, mo jókòó sórí àga mi. Òkìtì erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde nínú ihò náà wà lójú fèrèsé, kò sí láàárín, kò sí létí, ó wà níbi tí orí kẹrin ìwé mi ní kí igi kan ṣoṣo máa wà. Mo gbé ẹsẹ̀ mi gun òkè wọn, mo dúró lórí ilẹ̀ wọn pẹ̀lú èèkàn àti okùn ìwọ̀n, síbẹ̀ orí àga yìí ni mo ti ń wò ó. Ojú kò tì mí tó báyìí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé.

Tekla wọlé wá wo ohun tó ń ṣe mí.

"O ti rí ihò náà?"

"Mo ti rí i."

"Èmi ti rí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà á. Mo ní kí n má dí ọ lọ́wọ́."

Ọjọ́ kẹrìndínlógún.

Walenty gbé irin lọ sídìí kànga Zadole. Irin náà ta padà, ẹ̀ta iná sì fò lára rẹ̀. Ilẹ̀ ti dì ju bí gígùn apá lọ. Igi wa ti múra, ilẹ̀ kò gbà.

Ọjọ́ kejìlélógún. Ọjọ́ Ìsinmi.

Mo dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣí fìlà, mo ní: "Mo wa ihò síbi tí kò yẹ, nítorí n kò béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibi tó yẹ hàn mí." Gbólóhùn méjì péré. Ó le ju gbogbo orí kẹsàn-án lọ láti kọ.

Gbogbo wa lọ sídìí kànga. Wọ́n fi wákàtí méjì jiyàn, inú òtútù. Stefan fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Agata ní, "Kí òdòdó lè máa bọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ?"

"Ó dára fún ikọ́."

"Ìyàwó rẹ ló yẹ kó mu ún nígbà náà, òun ló ń gbọ́ ikọ́ rẹ lálaalẹ́."

Wọ́n fẹnu kò níkẹyìn, ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí kànga, ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, kí òjìji lè bo ẹni tó ń fa omi lọ́sàn-án. N kò bá ti yan ibẹ̀ láé. Ibẹ̀ ló tọ̀nà.

Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀ranyàn, kò sí nínú ọjọ́ tí wọ́n jẹ mí nínú oko. Ẹni tó bá wù ló máa wá.

Stefan ní, "Tí kò bá wu ẹnikẹ́ni ńkọ́?"

"Èmi àti Walenty yóò wà á."

Ó wò mí, ó wo Walenty. "Yóò tó Àjíǹde kó tó jìn tó ìkòkò ọbẹ̀."

Ọjọ́ kẹrìnlélógún. Alẹ́ Kérésìmesì.

Mo bá Walenty bu àkàrà mímọ́ jẹ, bí a ti máa ń ṣe lálẹ́ òní, tí oníkálukú ń fẹ́ ire kan fún ẹnìkejì. Mo fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má dùn ún. Ó fẹ́ kí n má ta òun ní ìmọ̀ràn kankan títí Oṣù Kejì.

Ọjọ́ keje, Oṣù Kìíní, 1823.

Iná nìkan ló lè mú ilẹ̀ yẹn rọ̀. Igi ìdáná wọ́n lọ́dún yìí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sun tiwọn. Mo ní kí wọ́n wó ahéré àgbẹ̀ tó wà létí adágún, èyí tí mo kọ́ fún ìran. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti gbẹ níbẹ̀.

Tekla ní kí n mú òun lọ wò ó. Ó jókòó sínú ọkọ̀ ìwọ́ lórí òjò dídì, awọ ìkookò títí dé imú. "Mo kórìíra ahéré yẹn láti ọjọ́ tí o ti kọ́ ọ. Ó jọ ilé tí ẹni tí ebi kò pa rí yà sórí pépà."

Ènìyàn mẹ́rin péré ló wá láàárọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti tó ogún. Ahéré náà jó dáadáa.

Ọjọ́ kẹsàn-án.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi dáná. A ó dáná, a ó gbá eérú kúrò, a ó wa ilẹ̀ tó rọ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, a ó tún dáná. Erùpẹ̀ tó dára ni wọ́n ń kó lọ sínú ilé ẹran Stefan kó má baà dì. Àwọn obìnrin sin ànàmọ́ sínú eérú. Tekla gbé ìkòkò ẹran àti kábéèjì wá fúnra rẹ̀, ó sì bá Agata jà lórí iyọ̀.

Wọ́n fún mi ní ṣọ́bìrì. Mo wa ẹ̀ẹ̀mejìlá kí n tó jókòó. Stefan ń kà á sókè. Ó ní tí mo bá fi kún un dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun á sọ ọmọ-ọmọ òun tuntun ní Hieronim. Mo dìde, mo wa mẹ́ta. Ó ní obìnrin ni ọmọ náà.

N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọjọ́ kejìdínlógún.

Atẹ́gùn ti yí. Omi ń kán láti òrùlé.

Ọjọ́ ogún.

Omi ṣì ń kán. Bí ìdí igi náà bá rọ̀, yóò tú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, gbòǹgbò yóò sì já. A kò lè gbé e báyìí, nítorí yìnyín adágún ti fẹ́lẹ́, afárá ọgbà kò sì lè gbà á. Walenty fi koríko gbígbẹ àti àpò bo ìdí rẹ̀ bí ẹni tó ń bo aláìsàn. N kò jẹun alẹ́. Tekla kò sọ pé kí n jẹun, òun ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n.

Mo jí, fèrèsé ti funfun, n kò rí ìta. Mo fi èékánná ha á títí mo fi rí ìràwọ̀ òwúrọ̀. Òtútù ti padà. Walenty wá dúró lábẹ́ fèrèsé mi, ó fi ọ̀pá gbá ìkòkò irin kan kí n gbọ́. Ó ní bí ìdí igi náà ṣe ń dún nìyẹn.

Ọjọ́ ọgbọ̀n.

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí n tó sùn.

Akọ màlúù mẹ́rìndínlógún. Ọkọ̀ ìwọ́ tí àgbẹ́dẹ fi irin sí lábẹ́. A fi okùn dẹ igi náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dùbúlẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lódindi, kò sí erùpẹ̀ kan tó bọ́. Ẹ̀ka kan ṣẹ́. Walenty bú gbogbo wa, ó bú mi pẹ̀lú, lẹ́yìn náà ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ igi.

Orí adágún ni ọ̀nà gbà. Walenty ti lu yìnyín náà láàárọ̀, ó ní ó nípọn tó. Ṣùgbọ́n ní àárín, yìnyín dún lẹ́ẹ̀kan láti etí dé etí, àwọn màlúù sì dúró.

Agata bọ́ síwájú wọn. Ó ń rìn lọ́ra, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí àwọn ẹran náà bí ẹni tó ń mú ọmọ wọlé. "Ẹ máa bọ̀. Títì la wà yìí. Ilé Stefan lọ́wọ́ òsì. Ilé Fadá àgbà rèé. Ẹ máa bọ̀, ẹ má yà." Àwọn màlúù tẹ̀ lé e. Ó rìn lójú ọ̀nà abúlé tó wà lábẹ́ omi bí ẹni pé àná ló kúrò níbẹ̀. Ó dúró lẹ́ẹ̀kan, ó fi bàtà gbá òjò dídì kúrò lójú yìnyín.

"Ilé ìyá mi," ó wí.

Mo ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Agata, èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí òrùlé náà."

"Mo mọ̀. Mo rí yín lójú fèrèsé."

"Mo jẹ̀bi. N kò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣàlàyé rẹ̀."

"Ìyá mi ò dárí jì yín. Ó ní kí n sọ fún yín tí mo bá ráyè. Mo ti sọ." Ó tún ìborùn rẹ̀ so. "Ó yá, ẹ kúrò níbẹ̀, Bàbá. Yìnyín yẹn fẹ́lẹ́ níbi tí ààrò wa wà, ẹ̀yin sì ti sanra."

Bàbá ló pè mí.

Igi náà wọ ihò kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀dà pupa kọjú síbi tó yẹ. Wọ́n kó erùpẹ̀ láti ilé ẹran Stefan, èéfín ń jáde lára rẹ̀. Àwọn obìnrin ń kọrin. Tekla náà ń kọrin, ohùn rẹ̀ kò dára rí, kò sì sí ẹni tó bìkítà.

Ọjọ́ kejì, Oṣù Kejì. Ọjọ́ Ìbùkún Àbẹ́là.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin gbé àbẹ́là mímọ́ wọn kọjá ìdí igi náà. Ẹnìkan ti kán ìda sára èèpo rẹ̀ ní àmì àgbélébùú. Mo lè lóye èyí. Walenty lòdì sí i, ó ní ìda kì í ṣe oúnjẹ igi.

Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹta.

Mo kọ̀wé sí òǹtẹ̀wé mi ní Warsaw pé kí ó yọ orí kẹsàn-án kúrò nínú ìtẹ̀jáde kẹrin. Ó dáhùn pé nítorí orí kẹsàn-án gan-an ni àwọn ènìyàn ṣe ń ra ìwé náà. Mo ní kí wọ́n máa ra ìwé ẹlòmíràn.

Ọgbọ̀n ọjọ́, Oṣù Kẹta. Àjíǹde.

Ẹyin ọlọ́ṣọ̀ọ́ márùn-ún láti Zadole. Wọ́n ya igi sára ọ̀kan. Tekla kò jẹ́ kí n jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin.

Gbogbo igi lípà ọgbà ti rúwé. Tiwa kò rú.

Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Karùn-ún.

Kò rú. Mo ń gun òkè lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọ̀pá méjì. Ẹni tó bá fa omi ní kànga ń da ife àkọ́kọ́ sí ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Walenty fi ọ̀bẹ ha èèpo kékeré kan: àwọ̀ ewé tútù ló wà lábẹ́, àmọ́ kò tútù tó bí mo ṣe fẹ́.

Stefan ní, "Ó lè jẹ́ pé ó ń rò ó ni. Àwa náà rò ó nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibí."

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ Zofia Mímọ́, Zofia Olótùútù bí àwọn àgbẹ̀ ti ń pè é.

Òtútù bọ́ sórí ewébẹ̀ ní òru, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rí lọ́jọ́ Zofia. Ó pa ewé tuntun lára gbogbo lípà mi nínú ọgbà, wọ́n dúdú bíi tíì tó pẹ́ nínú ìkòkò. Mo sáré gun òkè, bí arúgbó ṣe ń sáré.

Agata wà ní kànga. "Kí lẹ ń wò? Kò sí ewé kankan lára rẹ̀ tí òtútù lè pa."

N kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ó gbọ́n jù yín lọ, Bàbá," ó wí. "Ó dúró kí Zofia kọjá."

Ọjọ́ kọkànlélógún.

Ó ti rúwé. Ní ìhà ọ̀dà pupa, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ewé kéékèèké bí etí ológìnní. Walenty dúró lábẹ́ rẹ̀, ó ṣí fìlà, kò sì ráhùn nípa ohunkóhun. Mo dì mọ́ ọn. Ó fara dà á.

Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹfà. Ọjọ́ Ìsinmi.

Oòrùn, atẹ́gùn jẹ́jẹ́. Èmi àti Tekla lọ sí Zadole lẹ́yìn Máàsì. Stefan ti kan àga gígùn kan yí igi náà ká, àwọn obìnrin sì ti jókòó kún un. Agata ní kí wọ́n sún. Wọ́n sún, wọ́n ń ráhùn, mo jókòó láàárín ìyá kan tó ń bó ẹ̀wà àti Stefan tó ń húkọ́. Tekla jókòó síbi tó dára jù, kò sì dúró kí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Wọ́n fún wa ní wàrà kíkan àti búrẹ́dì ràì. Òjìji náà kò tíì pọ̀, ó tó fún orí mẹ́rin, a ń pín in.

Láàárín ilé ẹran méjì, níbi tí òkè ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, a ń rí apá òkè ilé mi láti ibẹ̀, símínì mẹ́fà, èéfín ilé ìdáná sì ń jáde lára wọn.

Agata fi ojú kan wò ó, bí mo ṣe máa ń wo nǹkan. Ó ní, "Bàbá, ilé yín yẹn ń ba ìran jẹ́ fún wa."

Ó na ìka sí àwọn símínì náà.

"Ẹ wo èéfín yẹn," ó wí. "Ṣé ẹ ò lè gbé e lọ sẹ́yìn òkè kejì?"

Stefan ló kọ́kọ́ bẹ́ sẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Ìyá tó ń bó ẹ̀wà náà da abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tekla ń fi aṣọ nu ojú rẹ̀, ó ní òun yóò kọ́kọ́ yọ ilẹ̀kùn.

Mo wo ilé mi dáadáa láti orí àga wọn. Lóòótọ́ ni. Ó tóbi jù, ó sì funfun jù fún ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè títí Oṣù Kọkànlá.